Bí a ṣe fi amọ̀ sé agbàrá lẹ́yìn Àpẹ́tẹ̀

Agbàrá tó ń ya wọlé wa kì í ṣe ti odò Ọ̀nà. Orí òkè lẹ́yìn àdúgbò ló ti ń sáré bọ̀, níbi tí ilé ti gba gbogbo igbó. Ẹni tójú ẹ̀ bá rí òjò oṣù kẹjọ ọdún 2011 n'Ìbàdàn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyẹn la ṣe dáwó jọ láti sé ojú àfonífojì náà.

Kì í ṣe omi mímu la fẹ́ tọ́jú. Ìsédò tó máa ń gbẹ ni: bí òjò bá dé, kó dá agbàrá dúró, kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ojú páìpù ìsàlẹ̀. Kò ga ju èèyàn lọ, síbẹ̀ a kọ́kọ́ mú ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ibẹ̀, torí bó bá ya, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló máa gbé lọ.

A hú koríko àti gbòǹgbò kúrò, a gbẹ́ kòtò la ibẹ̀ já títí a fi kan ilẹ̀ líle, a fi amọ̀ kún un kí omi má bàa gba abẹ́ yọ́ kọjá. Amọ̀ tó dáa, tó o bá fọwọ́ yí i bí okùn, kì í tètè já. Ìdí ògiri gbòòrò gan-an: fún ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ omi, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lílù ló gba agbára jù. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi jókòó tì wá: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìnṣì mẹ́fà ni kẹ́ ẹ dà, kẹ́ ẹ lù ú, kẹ́ ẹ tó da òmíràn." Bí yẹ̀pẹ̀ bá gbẹ jù, wọ́n á ní ká wọ́n omi sí i, bó bá rọ̀ jù, a ó sá a. Ìdí páìpù ni wọ́n ti le jù, torí omi máa ń tọ ara páìpù lọ. A da kọnkéré yí i ká níbi mélòó kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà ni ọ̀nà àsálà, ibi tí omi tó bá pọ̀ jù á gbà kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lórí ilẹ̀ líle tí a ò da yẹ̀pẹ̀ sí, a gbẹ́ ojú omi tó fẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, a to òkúta sí i. Ìyá kan ní, "Ẹ sé e tán, ẹ tún ń ṣílẹ̀kùn fún un?" Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí omi bá gun orí ògiri amọ̀, yóò máa jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi ya. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n kọ́ ní 1942 náà ní ọ̀nà àsálà tirẹ̀.

Koríko nìkan la gbìn sí i. Ẹnì kan fẹ́ gbin máńgòrò fún ibòji, a ní rárá: gbòǹgbò tó bá jẹrà á di ihò fún omi. Ní báyìí, bí òjò ńlá bá ti dá, ẹnì kan á lọ kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu páìpù. Ọ̀rá pure water ló máa ń pọ̀ jù.