Bí A Ṣe Mú Bàbá Dé Pontedera, Ìlú Vespa

Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Bílíkísù Sùngbọ́ sí. Ibi tí ọkàn bàbá mi ń fà sí ní tiwọn ni Pontedera, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Vespa. Vespa ló ń gbé wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Odògbolu títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Òun náà ló gbé àwọn àti màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wọn. Mo ti pinnu tipẹ́ pé nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ṣì gbé wọn dáadáa ni màá mú wọn débẹ̀. A ti lọ, a ti bọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, yálà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, mọ bí òun náà ṣe lè ṣe é.

Kí n tó wá ìwé kankan, ìdí Vespa náà gan-an ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló wà lábẹ́ tapólì. A ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnì, mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nu irin ara rẹ̀ títí nọ́ńbà ibẹ̀ fi yọjú: VBC1T ló fi bẹ̀rẹ̀. Vespa 150 Super nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1965 sí 1979. Bàbá jókòó tì mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, fóònù mi sì ń gbà á sílẹ̀. Nínú àpótí kékeré tó wà lápá òsì la ti bá púlọ́ọ̀gì kan tí wọ́n fi bébà wé, pẹ̀lú ìdajì ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ní àwọn kì í jáde nílé láìmú púlọ́ọ̀gì kejì dání, torí epo tí a bá po ọ́ìlì mọ́ máa ń fi èédú dí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tó yẹ ká dúró pẹ́ sí nígbà tí a débẹ̀.

Ti físà kò lè jù bí èèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Florence, ní Ítálì, kọ lẹ́tà ìpè. A fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì Bàbá àti ìwé báńkì tèmi kún un, pẹ̀lú ìńṣọ́ránsì ìlera tí kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 yúrò, gbogbo wa sì lọ tẹ̀ka l'Ékòó. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà rìn, ẹ ti sọ fún iléeṣẹ́ bàálù nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹ fẹ́ àga onítáyà ní pápákọ̀ òfurufú. Wọn kì í gbowó rẹ̀, ìlà ìwé ìrìnnà sì máa ń gùn.

Láti Florence, rélùwéè tó ń lọ sí Pisa la wọ̀, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Pontedera. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Piaggio, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Vespa, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń rọ irinṣẹ́, ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2000. A ò sanwó wọlé.

Alùpùpù kọ́ ni iléeṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Rinaldo Piaggio dá a sílẹ̀ ní Genoa ní 1884. Iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, kí wọ́n tó bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n tó wá dórí bàálù. Bàálù ni wọ́n ń ṣe ní Pontedera nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù sì fọ́ ibẹ̀ túútúú. Enrico, ọmọ Rinaldo, wá ń wá ohun olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ará ìlú lè gùn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, tí wọ́n ń pè ní Paperino, wà níbẹ̀. A rí i. Kò wu Enrico. Ló bá ránṣẹ́ sí Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà bàálù tí hẹlikópítà tó ṣe ti fò ní 1930.

D'Ascanio ò tiẹ̀ fẹ́ràn alùpùpù. Ó ní ó máa ń ba aṣọ jẹ́, bí táyà rẹ̀ bá sì jò, wàhálà ni. Ó yọ ṣéènì kúrò, ó gbé ẹ́ńjìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi irin bò ó, ó gbé jíà sí ọwọ́ òsì, ó sì fi apá kan ṣoṣo gbé táyà iwájú ró bíi ti bàálù. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1956, Vespa ti pé mílíọ̀nù kan.

Iwájú Vespa 98, àkọ́kọ́ yẹn, ni Bàbá ti dúró pẹ́ jù. Orí ìbòrí táyà iwájú ni iná rẹ̀ wà. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wá pe ọmọ mi: "Wò ó dáadáa, kò sí ṣéènì. Ṣòkòtò funfun ni mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì, epo ò sì kàn án rí. Táyà yìí ńkọ́? Nọ́ọ̀tì lo máa tú, wàá sì fà á yọ bíi ti mọ́tò." Ni wọ́n bá na ọwọ́ òsì, wọ́n fún kìlọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀, wọ́n yí ọrùn ọwọ́. Bàbá àgbà kan, ará ibẹ̀, rí wọn. Òun náà na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó yí i bákan náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń ka jíà láti ọ̀kan dé mẹ́rin, kálukú ní èdè tirẹ̀. Títí di òní, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà.

Màmá ní tiwọn ń wo àyè tó wà láàárín ìjókòó àti ọwọ́ ọkọ̀. "Ibí ni apẹ̀rẹ̀ mi máa ń wà. Èmi á wá fẹ̀gbẹ́ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìró mi."

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí Ape. "Kẹ̀kẹ́ Márúwá rèé!" Ó gbà á gan-an. Ní 1948 ni Piaggio gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí jáde fún ẹrù kíkó, ara Vespa ni wọ́n sì ti mú un jáde. Bajaj ti Íńdíà, tí à ń rí orúkọ rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, bá Piaggio ṣe àdéhùn láti máa ṣe Vespa ní àwọn ọdún 1960. Ìbátan ni kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọmọ mi lọ sílé-ìwé àti Vespa bàbá mi, a ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí à ń padà sí Florence, Bàbá ń ka ohun tó yẹ ká rà láti fi tún Vespa wọn ṣe, àbúrò mi sì ń kọ ọ́: wáyà kìlọ́ọ̀ṣì, wáyà jíà, rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀. Nọ́ńbà tí mo nù yọ ní ẹ̀yìnkùlé ló wúlò níbí, torí òun ni ẹni tó ń ta pààtì kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì ya pààtì àtijọ́ náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣàgámù la ti rí mẹkáníìkì àgbà tó ṣì mọ iṣẹ́ Vespa. Ó ti fi wáyà méjèèjì sí i. Kàbùrétọ̀ ló kù, Bàbá sì ti ní àwọn fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tú u.