Àṣìṣe Tó Ń Sọ Gbèsè Agbaṣẹ́ṣe Di Ti Onílé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ náà tí ìyá oní-pákó kan láti Bódìjà fi kan géètì mi l'Akóbọ̀. Ìwé àwìn ni wọ́n ṣí sí mi lójú: orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó ń tún òrùlé mi ṣe wà lókè, àdírẹ́sì ilé mi wà nísàlẹ̀, wọ́n fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Bẹ́ẹ̀ mo ti san owó pákó yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni mo san án sí. Kò dé Bódìjà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn láàárín àwa tí à ń tún ilé ṣe n'Ìbàdàn. A ó ka owó ọjà mọ́ owó iṣẹ́, a ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, a ò sì ní bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti ń rajà. Ẹ má dán an wò. Ẹ bá a dé ọjà, ẹ san owó pákó, páànù àti sìmẹ́ńtì sọ́wọ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀, kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì. Tí ẹ ò bá ráyè lọ, àkáǹtì ọlọ́jà ni kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí.

Ẹ má sì yọ àṣẹ́kù owó iṣẹ́ lápò nítorí pé ilé ti ń dán. Bírìkìlà, káfíńtà, pílọ́ńbà, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó kọ ọ́, kó buwọ́ lù ú pé òun ti gba owó òun pé. Agbaṣẹ́ṣe tó bá bínú sí èyí, ẹ fura sí i.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń tún ilé ṣe ní Amẹ́ríkà, ẹ kìlọ̀ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́hùn-ún, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà kí ẹni tí agbaṣẹ́ṣe kò sanwó fún gbé gbèsè náà lé ilé lórí, bí onílé tiẹ̀ ti san tirẹ̀ tán. Lien ni wọ́n ń pè é. Ní California, ọlọ́jà tí kò bá onílé ṣàdéhùn ní láti fi ìwé ìkìlọ̀ nípa ẹ̀tọ́ yìí ránṣẹ́ sí i láàárín ọjọ́ 20 tó bá kọ́kọ́ já ọjà. Kí ọmọ yín má rò pé ìpolówó ni, kó wá jù ú nù. Orúkọ àwọn tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kó tó san àṣẹ́kù ló wà níbẹ̀.

Èyí tó kù, ẹnu géètì ni a ti ń ṣe é. Àánú ìyá yẹn ṣe mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, màá san án." Ẹ má sọ ọ́, ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àárín àwọn àti agbaṣẹ́ṣe ni àdéhùn yẹn wà. Ìlérí yín ló lè fà yín wọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀rí owó tí mo san hàn wọ́n, mo pe agbaṣẹ́ṣe lójú wọn, mo ní àṣẹ́kù rẹ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ mi àfi tí Màmá bá fi ìwé àwìn tí wọ́n ti fagi lé hàn mí. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n padà wá. Bírò pupa kan náà ni wọ́n fi fa ilà gba orí àdírẹ́sì ilé mi kọjá.