Lẹ́tà "Fágúnwà" tí wọ́n fẹ́ tà fún mi ní Wuse

Ó pẹ́ tí mo ti ń kó ohun tí àwọn òǹkọ̀wé wa fi ọwọ́ ara wọn kọ jọ: ìwé tí wọ́n bu ọwọ́ lù, káàdì ọdún, ìwé ìkésíni. Inú àpótí bàtà mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ wà nílé wa ní Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín. Ìdọ̀tí ni ìyàwó mi ń pè é.

Lóṣù tó kọjá ni Alhaji kan, ọmọ Ìlọrin tó ń ta ìwé àlòkù ní Wuse, pè mí. "Ọmọ mi, lẹ́tà Fágúnwà wà lọ́wọ́ mi o. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́." 80,000 náírà ló pè é. Mo fi owó sílé kí n tó lọ, torí mo mọ ara mi.

Mo kọ́kọ́ fi ìka pa ẹ̀yìn bébà náà. Ó wú wérewère bí ara tí ẹ̀fọn jẹ. Kì í ṣe fọ́tókọ́pì nìyẹn, ẹnì kan ló fi báírò tẹ̀ ẹ́ kọ. Mo wá yọ tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oní-POS fi ń yẹ owó wò. Òkùnkùn ló ń fẹ́, oòrùn sì mú, ni Alhaji bá fi agbádá ẹ̀ bo èmi àti lẹ́tà lórí. Ká ní ẹ rí wa! Bébà náà tàn yòò bí ṣẹ́ẹ̀tì funfun lóde àríyá. Oògùn amúbébàfunfun ló ń tàn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 1950 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ká ní 1940 ló wà lórí lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wo déètì: 12 March 1964.

Oṣù December 1963 ni Fágúnwà kú. Odò ló gbé e lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida, apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín náà ni.

"Bóyá wọ́n ṣi ọjọ́ kọ ni," Alhaji wí.

"Alhaji, ẹ má bínú o, àbí ọ̀run ló ti kọ ọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Àṣé òun náà ti san 15,000 fún ẹni tó gbé e wá.

Ìsàlẹ̀ ẹrù yẹn ni mo ti rí èyí tí mo rà: ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ kan tí kò léèpo mọ́, tí tíṣà kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ẹ̀ látòkè délẹ̀. Níbì kan ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má rẹ́rìn-ín." 3,000 náírà. Òun ni mo fẹ́ràn jù báyìí.

Nílé, mo yọ pín-ìnnì tó ti dógùn-ún kúrò. Sẹ́lótéèpù ò kàn án, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń pọ́n, a sì jẹ bébà. Lámínéètì burú jù, kò ṣeé tú mọ́. Mo ju àpò kékeré agbomi tó máa ń bá bàtà tuntun wá sínú àpótí, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń yọ ọ́, torí ọyẹ́ Àbújá nìkan tó láti gbẹ bébà bí èèpo ẹ̀pà.

Alhaji tún pè mí lánàá. Ó ní òun ti rí òmíì, pé èyí ò ní déètì lórí rárá.