Kí Ẹ Tó Yin Ọkọ̀ Flybridge, Ẹ Gbé Tíréè Gun Òkè Rẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe agbáwo nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ kí n tó di ẹni tí àwọn oníbàárà ń mú dání lọ wo èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹni tó ń tà á á ti tan gbogbo iná, á ti to ìrọ̀rí sórí ibùsùn, á ti gbé òdòdó sórí tábìlì. Èmi á ní kí wọ́n bá mi wá tíréè kan àti ife mẹ́rin tó kún fún omi. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ má tíì wọlé. Ẹ rìn sẹ́yìn títí àárín yín àti ọkọ̀ náà á fi tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Flybridge ni àjà tó wà lórí pálọ̀, níbi tí sítíárìn kejì wà, tí àwọn èèyàn ti ń gba atẹ́gùn. Ó yẹ kó jókòó bí fìlà tó bá orí mu. Lára ọkọ̀ tó gùn tó mítà 20, kò ṣòro. Lára ọkọ̀ mítà 12, iṣẹ́ ńlá ni, torí èèyàn kì í kúrú nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kúrú: orí ẹni tó dúró ní pálọ̀ kò gbọdọ̀ kan àjà. Ni ilé bá ga, ni fìlà tún gorí rẹ̀, ọkọ̀ á wá dà bí ọmọdé tó ru ẹrù àgbà. Ẹni tó mọ ọkọ̀ yà á fi gíláàsì dúdú gígùn kan la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já kí ojú má baà rí bí ògiri ṣe ga tó. Ẹ̀tàn ni, àmọ́ ẹ̀tàn dáadáa ni. Èyí tí mi ò lè gbà ni fèrèsé onírísí mẹ́ta lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, bíi pé èèyàn mẹ́ta ló yà á tí wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀. Azimut, ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ní Ítálì, lo fèrèsé tó ṣe bí lẹbẹ ẹja títí àwọn èèyàn fi ń dá ọkọ̀ wọn mọ̀ láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà, Stefano Righini ló ya ìrísí wọn. Bó wù yín, bí kò wù yín, èrò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ohun gbogbo tí wọ́n bá kó sókè ní ìwúwo: òrùlé líle, fìríìjì, ibi ìyan ẹran, àga fún èèyàn mẹ́wàá. Bí ìwúwo bá ṣe ń lọ sókè ni ọkọ̀ á ṣe máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní Yúróòpù máa ń ní àwo kékeré kan nítòsí sítíárìn, tó sọ iye èèyàn tó lè gbà, pẹ̀lú lẹ́tà tó ń sọ irú ojú ọjọ́ àti ìgbì tí wọ́n ṣe é fún. Lẹ́tà B túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ìjì tó dé ìpele 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn, àti ìgbì tó ga dé mítà 4. Lẹ́tà A ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọkọ̀ mìíràn, iye èèyàn tí lẹ́tà A gbà kéré sí èyí tí lẹ́tà B gbà. Ẹ ka àwo náà, kí ẹ tó ka àga tó wà lókè.

Ó kan tíréè wàyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíṣìnnì, kí ẹ gbé ife mẹ́rin náà gun òkè, kí ẹ tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ ló máa ń tú àṣírí. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àkàbà ló ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo da kọfí gbígbóná sí àlejò ọ̀gá mi lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, mo sì gba èébú tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ya àtẹ̀gùn náà. Ẹ wò ó bóyá gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ yín jókòó lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá irin ìdìmú wà níbi tí ọwọ́ tó ṣófo á ti wá a, àti bóyá ìdérí ihò òkè ṣeé há kó má baà já lù yín lórí.

Ibi tí kíṣìnnì wà ló ń pinnu bí gbogbo inú ọkọ̀ ṣe máa rí. Èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó ń dáná lè na oúnjẹ sí àwọn tó wà níta àti àwọn tó wà ní pálọ̀ láìgbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń jẹ́ kí pálọ̀ gbòòrò, àmọ́ alásè á dá wà bí ẹni tó jìn sí kànga. Ibi yòówù kó wà, ẹ wá igun tí ìdí yín lè fẹ̀yìn tì nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì. Ẹ fa fìríìjì. Bí kò bá ní ìkọ́ tó há gírígírí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á balẹ̀ lọ́jọ́ ìgbì àkọ́kọ́.

Ní pálọ̀, ẹ jókòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró wo pálọ̀, wọ́n á ní ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ni wọ́n á mọ̀ pé ògiri nìkan ni wọ́n ń wò. Kí ẹ tún jókòó sídìí sítíárìn ìsàlẹ̀: òpó gíláàsì iwájú á bo ọkọ̀ kan odindi mọ́ yín lójú bó bá nípọn jù, pákó dídán tó wà níwájú yín á sì máa tàn padà nínú gíláàsì. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Fún tọkọtaya tó máa ń dá ọkọ̀ wọn so mọ́ èbúté, ó níye lórí ju àga tìmùtìmù èyíkéyìí lọ.

Yàrá ẹni tó ni ọkọ̀, èyí tó gba gbogbo ìbú rẹ̀ láàárín, ló ń ta ọkọ̀ báyìí. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì dìde jókòó lójijì. (Èmi ga ní mítà 1.83, mo ti forí gbá àjà lẹ́ẹ̀mejì.) Ẹ béèrè ohun tó wà lẹ́yìn orí ibùsùn. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí táńkì tàbí ilé ìwẹ̀ wà láàárín yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣì wà lórí ibùsùn. Ní yàrá iwájú, ẹ gba ihò àjà jáde fúnra yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ bí iná bá ṣẹ́.

Mo máa ń fi yàrá òṣìṣẹ́ ṣe ìkẹyìn, ìdí ọkọ̀ ló sì sábà máa ń wà. Mo ti sùn nínú ọ̀kan tí mo ní láti ká orúnkún kí n tó lè ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ lónìí, ẹ jókòó dè é.