Òfin ẹja pípa: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tó ń tú ìlú etíkun ká

Ní ọ̀pọ̀ ìlú etíkun tó jìnnà, ẹja ló ń gbé gbogbo nǹkan ró. Bí ìjọba bá fọwọ́ kan ẹja, ó ti fọwọ́ kan ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé. Síbẹ̀, bíi pé ẹja nìkan ló wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ òfin náà.

Ẹ má ṣe fi ẹja inú ọkọ̀ ńlá nìkan díwọ̀n ohun tó kù nínú òkun. Ní Newfoundland, ní Kánádà, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja nítòsí èbúté ń pariwo pé ẹja cod ń dín kù, ó sì ń kéré sí i. Ohun tí ọkọ̀ ńlá ń kó wá láti àárín òkun ni àwọn onímọ̀ ìjọba gbára lé jù. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹja bá kóra jọ sí ni ọkọ̀ ńlá ń lé e lọ, nítorí náà àwọ̀n rẹ̀ lè kún nígbà tí òkun ń gbẹ ẹja. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1992, John Crosbie, mínísítà ọ̀rọ̀ ẹja ní Kánádà, kéde pé kí wọ́n dáwọ́ pípa ẹja cod dúró. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì ni wọ́n pè é; ọdún 2024 ni ìjọba tó fòpin sí òfin náà.

Ẹ má sì rò pé owó ìrànwọ́ á gbé ìlú ró. Ní Newfoundland, ìjọba sanwó, wọ́n kọ́ni níṣẹ́ mìíràn, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn. Ènìyàn tó tó 580,000 ní ìpínlẹ̀ náà di nǹkan bí 510,000 láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó pàdánù, ẹ rántí àwọn obìnrin tó ń la ẹja nílé iṣẹ́.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni sísọ ìpín ẹja, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti pa iye ẹja kan, di ọjà láì so ó mọ́ ìlú kankan. Ní Íslándì, wọ́n pín in fún àwọn ọkọ̀ ní 1984, òfin 1990 sì jẹ́ kí wọ́n lè máa tà á fàlàlà. Iṣẹ́ náà lérè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹja tó tóbi jù ní Flateyri, abúlé etíkun kan níbẹ̀, ta ìpín tirẹ̀ ní 2007, oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé bá a lọ. Ẹni tó ń la ẹja kò ní ohùn nínú ìtajà náà.

Aláskà, ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn ní 1992: wọ́n ya ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja pollock ti Òkun Bering sọ́tọ̀ fún àwọn abúlé etíkun. Abúlé 65 ló wà nínú ètò náà báyìí. Wọ́n lè yá ilé iṣẹ́ ńlá ní ìpín wọn kí wọ́n sì gba owó, àmọ́ ẹ̀tọ́ náà kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, bí àbá òfin tuntun bá dé ọwọ́ yín, ẹ wá ibi tó ti sọ bóyá wọ́n lè ta ìpín ẹja jáde kúrò nílùú. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ béèrè kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.