Ọ́ìlì nínú intake manifold: ẹ wo PCV kẹ́ ẹ tó lọ ra ẹ́ńjìnnì

Wọ́n tú intake manifold (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), wọ́n bá ọ́ìlì níbẹ̀, ohun tí mẹkáníìkì míì máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti lọ, ẹ múwó wá ká sáré dé ọjà Ládípọ̀ lọ mú tòkunbọ̀. Ẹ má tíì dá a lóhùn o, ó lè jẹ́ PCV ni, fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí intake fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà kó lè jóná.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì wò ná, kí mọ́tò wà níbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ sì ti pa á fún bí ìṣẹ́jú 10. Tí ọ́ìlì bá kọjá ìlà òkè, ẹni tó sáfíìsì ẹ̀ ló dà á jù, ẹ fà á kúrò kẹ́ ẹ tó máa wá ẹjọ́ míì kiri.

Ẹ wá tú họ́ọ̀sì ńlá tó ti éà fílítà wá sí throttle (ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ accelerator), ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú ẹ̀, ẹ fìka nù ún. Tó bá kàn ń dán lọ́wọ́ yín, kò sí wàhálà, mọ́tò tó ti rìn dáadáa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dúró bí adágún nísàlẹ̀ lẹjọ́ wà nínú ẹ̀. Ibi tó ti rin gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí: tó bá jẹ́ ẹ̀yìn throttle nìkan, nínú manifold lọ́hùn-ún, ó jọ pé fáàfù PCV ló ṣí sílẹ̀ tí ò padé mọ́, ó wá ń fa ọ́ìlì mọ́ èéfín tó yẹ kó fà, pàápàá fẹ́ni tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba lójoojúmọ́, torí ìgbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ni intake máa ń fa nǹkan gan-an. Tó bá jẹ́ iwájú throttle, lápá éà fílítà, ló rin, họ́ọ̀sì breather (èyí tó so inú ẹ́ńjìnnì mọ́ họ́ọ̀sì ńlá yẹn) ló gbé e wá, préṣọ̀ ti pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, bóyá PCV ti dí, bóyá ring (òrùka ara pístìnnì) ló jẹ.

PCV ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda ṣeé yọ. Ẹ mì ín létí, ó yẹ kó máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Tó bá dákẹ́, ó ti kú, ẹ ra tuntun, owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. (Mọ́tò Jámánì ńkọ́? Inú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni wọ́n kọ́ ti ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, kò ṣeé mì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ṣí ìdérí ọ́ìlì: tó bá ń fà á mọ́lẹ̀ gidi, tó ń súfèé, rọ́bà inú ẹ̀ ti ya.)

Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ nu inú manifold gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó kù á ṣì máa rú èéfín búlúù, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ò dáa. Mọ́tò tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), ẹ wo họ́ọ̀sì intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ yẹn tutù) náà, seal tọ́bò lè máa jò.

Lẹ́yìn oṣù kan ẹ tún un tú wò. Tí ọ́ìlì bá tún ti kóra jọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn compression (bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó). Sílíńdà tó bá lọ sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú plọ́ọ̀gì ẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ring ni, ẹ lè wá máa dá owó Ládípọ̀ jọ. Tí ò bá gòkè, ẹ lọ wo fáàfù ẹ́ńjìnnì àti gasket orí ẹ́ńjìnnì.