Àpótí Ọdún: Bí A Ṣe Lè Dín Owó Ohun Èlò Àríyá Kù ní Ọ̀yọ́

Kì í ṣe ẹran àti ìrẹsì nìkan ló ń gbé owó ọdún lọ. Abọ́, ife, aṣọ tábìlì, ríbọ́ọ̀nù àti láílọ́ọ̀nù tí a ń sáré rà ní ọjà Akẹ̀sán nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la máa ń kóra jọ di owó gidi. Ìdílé tó bá ń ṣe Ìtúnu Àwẹ̀, Àjíǹde, Iléyá àti Kérésì pọ̀, bí ọ̀pọ̀ agboolé ṣe rí níbí, ń ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wá a. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ní funfun, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kan.

Funfun ló bá gbogbo ọdún mu. Ife tí wọ́n ya igi Kérésì sí lára kò ṣeé gbé síwájú àlejò Iléyá. Ọ̀já aṣọ tí a ń tẹ́ gba àárín tábìlì kọjá nìkan ni kí ẹ máa pààrọ̀. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 gùn ní íńṣì 72, ó sì sábà máa ń fẹ̀ ní íńṣì 30. Aṣọ funfun tó fẹ̀ ní íńṣì 60, ní yáàdì 2½, yóò bò ó dáadáa: yóò wálẹ̀ ní íńṣì 9 lórí àti ní ìdí, àti íńṣì 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fi yáàdì 2 ra, òòró tábìlì gẹ́lẹ́ ló máa dé, kò ní wálẹ̀ rárá lórí àti ní ìdí.

Ní ti ọ̀já náà, ẹ ra áńkárá yáàdì 5, ẹ gé e sí méjì lọ́gbọọgba, kí ẹ wá la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta ní òòró. Ọ̀já mẹ́fà nìyẹn, tó tó tábìlì mẹ́fà. Kí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ o, torí áńkárá tí a kò ṣẹ́ etí rẹ̀ máa ń tú nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àwọ̀ ewé fún Ìtúnu àti Iléyá, pupa fún Kérésì, òféèfé fún Àjíǹde: ó parí.

A kì í gbé ní Ọ̀yọ́ ká máa wá ike tí a ó fi gbé ìpanu. Igbá wà, ìlú yìí sì ni wọ́n ti ń fín igbá tó rẹwà. Púfúpúfú, ṣinṣín, gúgúrú, ẹ̀pà, èso, gbogbo rẹ̀ ni igbá ń gbé. Ṣùgbọ́n igbá tuntun máa ń korò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ fi kànìnkànìn gbo inú rẹ̀, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi inú rẹ̀ kò fi ní korò mọ́. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji ni kí ẹ gbé e sí kó gbẹ. Oòrùn gbígbóná máa ń sán an. Ẹ má fi bu ọbẹ̀: ó máa fa epo mu, òórùn rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́.

Ṣé kí a ra abọ́ tí a lè fọ̀ ni, àbí èyí tí a ń sọ nù? Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta abọ́ ike líle kan, kí ẹ wo iye abọ́ ìsọnù tí owó náà lè rà. Bó bá jẹ́ 5, láti àríyá kẹfà lọ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àríyá mẹ́rin lọ́dún yóò ti rí i ní ọdún kejì. Ife ló máa ń ná wa jù, torí àlejò á gbé tirẹ̀ sílẹ̀, á tún mú òmíràn. Ẹ so máákà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kúlà kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀. Fún àlejò 60, ẹ ka abọ́ 75, nítorí mo-gbọ́-mo-yà.

Ẹ ra ohun Kérésì láàárín oṣù kìíní, nígbà tí ọlọ́jà ń fẹ́ kó o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìtúnu Àwẹ̀ sí Iléyá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 68 lọ, nítorí náà ẹ ra ti méjèèjì pọ̀ kí oṣù Àwẹ̀ tó wọlé. Ọdún méjèèjì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára lọ́dọọdún lórí kàlẹ́ńdà, ẹ má ṣe fi ti èṣí ṣírò. Páálí odindi máa ń rọjú ju ẹyọ lọ. Kí ilé mẹ́rin dáwó rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ pín in lójú ẹsẹ̀. Páálí tí a kò pín máa ń di tẹni tó wà nílé rẹ̀.

Inú àpótí tó ní ìdérí ni kí ẹrù wà, kúrò lójú oòrùn, torí oòrùn ló ń mú kí ike gan, kó sì máa fọ́. Ẹ má fi káńfọ̀ sí i. Òórùn rẹ̀ á wọ inú abọ́. Abẹ́là àti bàlúùnù kì í fara da ooru, ẹ fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ níbi tó tutù jù.

Àga àti kánópì ni a kò lè tọ́jú sílé. Oṣù kẹjọ tí ọdún Ṣàngó ń kó àlejò wọ Ọ̀yọ́, àti oṣù kejìlá, ni wọ́n ń wọ́n jù. Ẹ san àsansílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, kí ẹ gba ìwé, kí ẹ sì ka àga lójú awakọ̀ nígbà tó bá kó o dé àti nígbà tó bá ń kó o lọ.